Báìtì ni tàbí búlọ́ọ̀kù? Bí dráífà ṣe ń mọ àdírẹ́sì tí mẹ́mọ́rì káàdì ń lò

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́. Mo ń ṣe ẹ̀rọ kékeré kan tí yóò máa kọ iye òjò tó ń rọ̀ lóko wa ní Ìkọ̀lé-Èkìtì sínú mẹ́mọ́rì káàdì. Dráífà (ètò tó ń bá káàdì sọ̀rọ̀) tí mo fọwọ́ ara mi kọ ń ka káàdì 2GB dáadáa, ṣùgbọ́n nígbà tí mo ki 16GB bọ̀ ọ́, ó rí àkọsílẹ̀ pátíṣọ̀n (èyí tó ń sọ ibi tí ìpín káàdì ti bẹ̀rẹ̀), kò sì rí fáìlì kankan. Ṣé káàdì náà ti bàjẹ́ ni?

Ìdáhùn: Àbúrò, kò jọ pé káàdì rẹ bàjẹ́, òṣùwọ̀n tí dráífà rẹ àti káàdì náà fi ń ka nǹkan ni kò bára mu. Káàdì SD àkọ́kọ́, irú 2GB rẹ yẹn, báìtì ló fi ń ka àdírẹ́sì (nọ́ńbà ibi tí nǹkan wà nínú káàdì). SDHC tí ó dé ní 2006 àti SDXC tí ó tẹ̀lé e ní 2009, búlọ́ọ̀kù báìtì 512 ni wọ́n ń lò, nítorí pé bíìtì 32 péré ni àyè tí àṣẹ kíkà àti kíkọ ní fún àdírẹ́sì: bí a bá fi báìtì kà á, 4GB ni yóò ti tán, bí a bá fi búlọ́ọ̀kù kà á, yóò dé 2TB.

Inú sẹ́kítọ̀ 0 ni àkọsílẹ̀ pátíṣọ̀n wà (báìtì 512 ni sẹ́kítọ̀ kan). Òdo lọ́nà 512, òdo náà ni, ìdí nìyẹn tí o fi rí i, ohun tó sì tàn ọ́ jẹ nìyẹn. Lórí ọ̀pọ̀ SDHC, sẹ́kítọ̀ 8192 ni pátíṣọ̀n ti bẹ̀rẹ̀. Dráífà rẹ sọ 8192 di 4,194,304 báìtì, káàdì sì gbà á sí búlọ́ọ̀kù 4,194,304, ó wá lọ kà á níbi tí 2GB ti parí, bí ọmọ tí a rán lọ sí ebè kẹwàá tó lọ ń wa iṣu ní poro kẹwàá.

Dráífà tó péye kì í fi iye GB mọ irú káàdì (àwọn káàdì 4GB kan wà rí tó ń lo báìtì). Káàdì gan-an ló ń bi. Yóò fi CMD0 tún un bẹ̀rẹ̀ (CMD àti ACMD ni orúkọ àwọn àṣẹ tí à ń rán sí káàdì), yóò fi CMD8 wò ó bóyá ó gbọ́ èdè tuntun, lẹ́yìn náà ni yóò máa rán ACMD41 léraléra, pẹ̀lú bíìtì 30 tí ó gbé sókè láti sọ pé òun mọ káàdì ńlá lò. Bí kò bá gbé e sókè, SDHC kò ní ṣe tán láéláé. Ìdí nìyẹn tí àwọn kámẹ́rà àtijọ́ tí wọ́n ń gbé wá sí ṣọ́ọ̀bù wa ní Adó-Èkìtì kì í fi í rí káàdì 32GB. Nígbà tí káàdì bá ṣe tán, bíìtì 30 inú rẹ́jísítà OCR rẹ̀ (àyè kékeré tí káàdì ń kọ ipò ara rẹ̀ sí) ni ìdáhùn: 1 jẹ́ búlọ́ọ̀kù, 0 jẹ́ báìtì.

Níwọ̀n bí káàdì tìrẹ ti ṣe tán, mo gbà pé o gbé bíìtì 30 yẹn sókè nígbà tí o béèrè, o kàn kò dúró gbọ́ èsì. Bí ó bá jẹ́ SPI (ọ̀nà wáyà kan tí ẹ̀rọ kékeré fi ń bá káàdì sọ̀rọ̀) lo ń lò, èsì ACMD41 kò gbé OCR dání, CMD58 ni o gbọ́dọ̀ fi kà á. Kọ ohun tí o bá rí sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, bí Linux ti ń ṣe: sẹ́kítọ̀ 512 ló fi ń ka gbogbo nǹkan, ìgbà tí àṣẹ bá fẹ́ jáde ni yóò tó sọ àdírẹ́sì di púpọ̀ lọ́nà 512, ìyẹn bí káàdì bá jẹ́ ti báìtì. Ṣe bákan náà fún CMD32 àti CMD33 tí a fi ń pa nǹkan rẹ́, torí àwọn ènìyàn sábà máa ń gbàgbé wọn.

Títí o ó fi ṣe èyí, má jẹ́ kí ẹ̀rọ náà kọ ohunkóhun sórí 16GB yẹn.