Drain inú tubing: mọ ohun tó wà nínú casing kí o tó ra díìsì

Àbúrò mi, mo ti ka ìbéèrè rẹ lẹ́ẹ̀mejì. O ní kànga epo yín ní Odessa, ní Texas, jìn ní ẹsẹ̀ bàtà 6,200, insert pump (pọ́ǹpù tó ń jókòó sínú tubing) tí rod, ọ̀pá irin gígùn, ń fà ló wà nínú rẹ̀, tubing, páìpù tí epo ń gbà gòkè, jẹ́ ínǹṣì 2-7/8, irin J-55, omi iyọ̀ pọ̀ nínú ohun tó ń gbé jáde. Ọ̀gá rẹ ní kí o yàn láàárín drain oní-díìsì, irin tẹ́ẹ́rẹ́ tí prẹ́ṣọ̀ ń bẹ́, àti drain tí wọ́n ń yí. O fẹ́ mọ èyí tó dáa jù, o sì fẹ́ mọ nọ́ńbà prẹ́ṣọ̀ tí wàá kọ sínú ìwé ọjà. Màá dáhùn. Ṣùgbọ́n ojú mi ti rí màbo lórí ọ̀rọ̀ drain yìí, mi ò sì lè fún ẹ ní nọ́ńbà kankan láì kọ́kọ́ sọ bí nọ́ńbà tó tọ̀nà lórí ìwé ṣe fẹ́rẹ̀ẹ́ pa ọmọ ọlọ́mọ níṣojú mi.

Fún àwọn tí kì í ṣe iṣẹ́ yìí: drain jẹ́ páìpù kúkúrú kan tí à ń so mọ́ tubing lókè pọ́ǹpù. Bí pọ́ǹpù bá kọ̀ tí kò kúrò lórí ìjókòó rẹ̀, omi àti epo á há sínú tubing, tubing á máa gòkè bọ̀ ní kíkún, jọ́ìntì yòówù tí ẹ bá tú, ara yín ló máa dà sí. Drain ló ń la ihò kí ohun inú rẹ̀ sọ̀ padà sínú casing, páìpù ńlá tó yí tubing ká. Jọ́ìntì kan, ìyẹn ẹyọ tubing kan, tó gùn ní ẹsẹ̀ bàtà 31 ń gbà ju gálọ́ọ̀nù méje lọ. Nínú kànga tìrẹ, bí a kò bá ka rod, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó àgbá 36.

Oṣù Ṣẹ́ẹ́rẹ́ ni tèmi ṣẹlẹ̀, lẹ́bàá Andrews, níbi tí atẹ́gùn òtútù kì í ti í rí igi kankan tó máa dá a dúró. Kànga náà jìn ní ẹsẹ̀ bàtà 5,200, inú òkúta San Andres ló ti ń fa epo. Ẹni tó bá ti ṣiṣẹ́ níbẹ̀ mọ̀ pé H2S, gáàsì olóró, wà nínú òkúta yẹn, ó sì mọ scale, èépá funfun líle tó máa ń lẹ̀ mọ́ gbogbo irin. Èépá yìí ló di pọ́ǹpù mọ́ ìjókòó rẹ̀. A fa rod títí, kò mira. A wá tú rod ní nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà 3,400, a kó tòkè jáde, a fi tìsàlẹ̀ sílẹ̀. Drain oní-díìsì wà nínú tubing náà ní ẹsẹ̀ bàtà 5,150, 5,000 psi (psi ni a fi ń wọn prẹ́ṣọ̀) ni wọ́n kọ sára díìsì rẹ̀.

Ẹnjiníà pè wá láti ọ́fíìsì. Ó ní òun ti ṣírò: omi iyọ̀ wíwúwo, 0.52 psi fún ẹsẹ̀ bàtà kọ̀ọ̀kan, ìyẹn ń tẹ díìsì náà ní nǹkan bíi 2,680. Ohun tó kù kó pé 5,000 jẹ́ 2,320. Ká fún un ní 2,500 láti òkè, á bẹ́. Ìṣírò náà dán mọ́rán. A fún un ní 2,500. Kò sí nǹkan kan. A gbé e dé 3,000, bákan náà. Mo bi í lórí fóònù pé, “Sà, kí ló wà nínú casing?” Ó ní kí n jẹ́ kí òun ṣe iṣẹ́ òun, pé díìsì ló bàjẹ́, ká máa gbé prẹ́ṣọ̀ lọ sókè. Ọdún kọkànlá mi lórí rig, ẹ̀rọ tó ń fa páìpù jáde nínú kànga, nìyẹn, mo sì dákẹ́. Dídákẹ́ yẹn ń dùn mí títí dòní.

Ohun tí kò bi ẹnikẹ́ni ni pé àwọn tó ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ tó ṣáájú ti da àgbá 80 omi iyọ̀ sínú casing kí kànga má bàa tú gáàsì jáde. Casing 5-1/2 ni, tubing 2-7/8 sì wà nínú rẹ̀: àgbá 80 ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kún un dé ẹnu. Ó wà nínú ìwé iṣẹ́ wọn, ẹnikẹ́ni ò kà á. Nítorí náà, bí omi inú tubing ṣe ń tẹ díìsì láti inú, bẹ́ẹ̀ ni omi inú casing ń tẹ̀ ẹ́ láti ìta. Wọ́n pa ara wọn rẹ́. Gbogbo 5,000 náà láti òkè ló gbọ́dọ̀ ti wá, kì í ṣe 2,320. Díìsì ò bàjẹ́ rárá. Ìyàtọ̀ prẹ́ṣọ̀ inú àti ti ìta ló ń bẹ́ ẹ, kì í ṣe ohun tí géèjì òkè ń kà.

Nígbà tó dé nǹkan bíi 3,900, a rí i tí géèjì já wálẹ̀ lójijì. Ẹnjiníà yọ̀ lórí fóònù pé ó ti bẹ́. Tubing ló ya, ní ẹsẹ̀ bàtà 2,900, níbi tí rod ti ń ha á láti ọdún mélòó kan. J-55 tuntun ń gba 7,260 psi kó tó fẹ̀, àmọ́ ta ní sọ pé tuntun ló wà nísàlẹ̀?

Tubing bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè ní gbígbẹ, inú wa dùn, nítorí omi tòkè ń gba ibi tó ya sọ̀ padà sínú casing. Nǹkan bí àádọ́rùn-ún jọ́ìntì jáde láì kán síni lára. Bí jọ́ìntì tó ya ṣe dé orí pátákó rig, ọ̀rọ̀ yí padà. Gbogbo èyí tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀ kún dẹ́nu: ó lé ní àádọ́rin jọ́ìntì. A ní àpótí tó máa ń yí ojú ìsopọ̀ ká kí omi lè gba okùn rọ́bà lọ sínú táǹkì, ṣùgbọ́n òtútù ti mú rọ́bà ẹnu rẹ̀ le, ó ń jò láti ẹ̀gbẹ́ méjèèjì. Omi iyọ̀ pẹ̀lú epo ń dà lé wa láti èjìká dé inú bàtà. Ẹ̀rọ ìkìlọ̀ H2S tó wà láyà wa ń ké ní 10 ppm (ìdá mẹ́wàá nínú mílíọ̀nù kan atẹ́gùn), a ó dúró, a ó gbé ẹ̀rọ ìmí wọ̀, a ó tún bẹ̀rẹ̀. Ìbọ̀wọ́ á yì, irin á yọ̀. Bí a ṣe dé orí rod tó kù, ó di pé ká máa fa tubing àti rod pọ̀, ká tú tubing, ká tún tú rod tó wà nínú rẹ̀, kí omi máa dà ní gbogbo àkókò yẹn.

Lọ́jọ́ kejì, ọmọ tó kéré jù nínú wa yọ ìbòjú rẹ̀ kó lè nu ojú. Jọ́ìntì kan tú lákòókò yẹn gan-an, gáàsì inú rẹ̀ sì fẹ́ lù ú. Kò ké, kò ṣubú bí ẹni tí nǹkan gbá. Orúnkún rẹ̀ kàn rọ. A wọ́ ọ lọ sí ibi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́ wá. Ó yè, ó sun oru méjì nílé ìwòsàn. Nígbà tí mo béèrè lọ́wọ́ rẹ̀, ó ní òun ò gbóòórùn kankan. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń sọ fún gbogbo ẹni tó bá wọ iṣẹ́ yìí pé kó má gbẹ́kẹ̀ lé òórùn ẹyin tó ti rà: bí gáàsì náà bá ti tó nǹkan bíi 100 ppm, imú á kú, o ò ní gbóòórùn rẹ̀ mọ́. Ọdún 1975 ni gáàsì yìí pa èèyàn mẹ́sàn-án ní Denver City, ní Texas níbẹ̀ náà. Railroad Commission ti Texas, àjọ tó ń bójú tó iṣẹ́ epo níbẹ̀, ní òfin tirẹ̀ fún H2S, Rule 36 ni wọ́n ń pè é. Kà á fúnra rẹ, má dúró de ẹni tó máa kà á fún ẹ.

Ó dáa, kànga tìrẹ. Ṣírò bó ṣe burú tó lọ́jọ́ tó burú jù: kí pọ́ǹpù ti fa casing gbẹ, kí tubing kún fún omi iyọ̀ tó wúwo. 6,200 lọ́nà 0.52 jẹ́ nǹkan bíi 3,220 psi. Fi prẹ́ṣọ̀ orí kànga kún un. Fi èyí tí ẹ fi máa ń dán tubing wò kún un. Ọ̀pọ̀ ń lo 500, àwọn míì ń lò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Fi ààyè sílẹ̀ fún ìgbà òtútù, nítorí bí flowline, páìpù tó ń gbé epo kúrò lẹ́nu kànga, bá dì tàbí tí ẹnì kan gbàgbé fáàfù ní títì, pọ́ǹpù ò mọ̀, á máa tì í lọ títí nǹkan kan á fi bẹ́. Bó bá jẹ́ díìsì rẹ ló bẹ́, epo á máa yí po láàárín tubing àti casing, ẹ ó máa wá ibi tó ti ń jò, ẹ ó sì tún pe rig. Nítorí náà, mi ò ní ra ohun tó kéré sí 4,500 fún kànga yẹn, ọkàn mi sì lọ sí 5,000. Ní 5,000, bí casing bá gbẹ, nǹkan bíi 1,780 láti òkè ló máa bẹ́ ẹ. Bí casing bá kún, 5,000 gan-an ni, tubing tí rod ti ha lè má gbà á. Kí o tó pinnu, wádìí bí tubing yín ṣe gbó tó nígbà tí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò kẹ́yìn.

Má sì gbé prẹ́ṣọ̀ yẹn gba inú stuffing box, ìdí tó yí rod ká lẹ́nu kànga kí epo má bàa jò. Kò gbà á. Ẹ ti ohun tó ń di rod mú pa, ẹ wo ìwọ̀n gbogbo ohun tó wà lórí kànga.

Ẹni tó ń ta díìsì á gbé ìwé dídán wá. Bi í léèrè iye tí díìsì fi lè yàtọ̀ sí nọ́ńbà ara rẹ̀, iye tí ooru ìsàlẹ̀ kànga máa yọ nínú rẹ̀, àti irin tí wọ́n fi ṣe é, nítorí CO2 àti H2S ń jẹ irin tẹ́ẹ́rẹ́. Bí kò bá lè dá ẹ lóhùn lórí ọ̀kan nínú rẹ̀, dìde.

Ti èyí tí wọ́n ń yí. Mi ò kórìíra rẹ̀. Kò ní díìsì tó ń gbó, prẹ́ṣọ̀ kì í ṣí i láìròtẹ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀ gbọ́dọ̀ di tubing mú kí o tó lè yí i, nítorí náà òkè anchor, ohun tó ń di tubing mọ́ casing, ló máa wà, jọ́ìntì tó bá sì wà nísàlẹ̀ rẹ̀ á ṣì gòkè ní kíkún. Ọ̀pọ̀ anchor ni wọ́n ń yí sósì láti gún un mọ́ casing, tí wọ́n ń yí sọ́tùn-ún láti tú u. Bí drain bá ń ṣí sí ìhà kan náà, o ò ní mọ èwo nínú méjèèjì lo ń yí. Bí kànga bá wọ́, yíyí òkè lè má dé ìsàlẹ̀. Bí ẹ bá sì ní ẹ̀rọ tó ń yí tubing díẹ̀díẹ̀ lórí kànga kí rod má bàa ha ojú kan, má tilẹ̀ wò ó.

Èyí tí wọ́n ń fi irin jù sílẹ̀ fọ́ kò bá ẹ mu. Inú kànga tí pọ́ǹpù iná mànàmáná wà ló ti wúlò, níbi tí kò sí rod, lókè check valve, fáàfù tí kì í jẹ́ kí omi padà sísàlẹ̀. Mo sọ ọ́ torí mo ti rí ẹni tó rà á fún kànga oní-rod.

Èmi á fi oní-díìsì sí tìrẹ, jọ́ìntì kan lókè seating nipple, ìjókòó pọ́ǹpù, kì í ṣe lórí rẹ̀ gan-an, nítorí yanrìn tó bá jókòó sórí pọ́ǹpù á bò ó, díìsì á bẹ́ kó má sì sí ibi tí omi máa gbà. Kọ ìwọ̀n díìsì náà, ìjìnlẹ̀ rẹ̀ àti ọjọ́ tó wọlẹ̀ sínú ìwé kànga, ní lẹ́tà gàdàgbà. Lọ́jọ́ tí pọ́ǹpù bá há, kí ẹnikẹ́ni tó fi ọwọ́ kan ẹ̀rọ prẹ́ṣọ̀, kọ́kọ́ ní kí wọ́n fi ìbọn ohùn wọn ibi tí omi casing dé, kí o sì bi àwọn tó ṣiṣẹ́ lánàá pé àgbá mélòó ni wọ́n dà síbẹ̀. Bí ẹni tó wà lórí fóònù bá ní kò pọn dandan, pa ẹ̀rọ.