Ẹ bo orí yín, àmọ́ ẹ má jẹ́ kí wọ́n pa yín lẹ́nu mọ́

Arábìnrin mi, mo ka ohun tí ẹ kọ. Ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣègbéyàwó bọ́ sí ìjọ ọkọ yín ní Ìkòròdú, wọ́n ní dandan ni kí ẹ máa bo orí, títí kan àdúrà inú ilé, wọ́n sì ní ẹ ò gbọdọ̀ dáhùn ìbéèrè nínú ẹ̀kọ́ Bíbélì bí ọkùnrin bá wà níbẹ̀. Ẹ wá ń bèèrè bóyá kí ẹ tú ìborí náà dànù lójú gbogbo ìjọ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣe sùúrù. Ìkòròdú yìí náà ni ojú mi ti rí nǹkan lórí ọ̀rọ̀ yìí, ó sì pẹ́ kí n tó mọ ibi tí ẹjọ́ náà wà gan-an.

Kò sí nínú aṣọ. Ẹ ṣí Kọ́ríńtì Kìíní orí 11, ẹ ka ẹsẹ 5 dáadáa. Obìnrin tó ń gbàdúrà, tó ń sọ tẹ́lẹ̀, ni Pọ́ọ̀lù ń bá sọ̀rọ̀ níbẹ̀. Obìnrin yẹn ti ń lanu nínú ìjọ kí ọ̀rọ̀ ìborí tó dé bá a. Ìjọ tó bá fi ẹsẹ yẹn bo orí yín, tó tún wá fi orí 14 ẹsẹ 34 pa yín lẹ́nu mọ́, ó yẹ kó sọ fún yín ohun tí obìnrin orí 11 ń ṣe tó fi nílò ìborí. Ìbéèrè tí mo bi olùkọ́ wa nìyẹn. Ó ní kí n lọ bi ọkọ mi nílé. Ẹ̀gbẹ́ mi ni ọkọ mi jókòó sí. Ó ní òun náà ò mọ̀ ọ́n, òun á fẹ́ gbọ́ ọ. Wọ́n fi àwa méjèèjì sábẹ́ ìbáwí: kò sí oúnjẹ alẹ́ Olúwa, ẹ̀yìn pátápátá là ń jókòó, wọ́n sì gba aṣọ akọrin lọ́wọ́ mi.

Ẹ̀yìn yẹn ni mo ti rí ohun tí n kò rí níwájú. Agbọ̀n kan wà lẹ́nu ọ̀nà tí wọ́n ń kó ìborí sí fún ẹni tí kò bá mú tirẹ̀ wá. Orí dé orí ni wọ́n ń lò ó, ìpara irun ti gbó mọ́ ọn, ó ń rùn. Lọ́jọ́ kan, ọmọdébìnrin kan wọlé láti apá Odógunyàn, òjò ti pa á. Ó mú ọ̀kan, ó gbọ́ òórùn rẹ̀, ó dá a padà, ó fi áńkáṣíìfù tirẹ̀ bo orí. Arákùnrin tó dúró lẹ́nu ọ̀nà ní kò tó, pé àtáṣímẹ́ǹtì rẹ̀ ṣì ń hàn. Ọmọ náà yí padà sínú òjò. N kò tíì dárí ji ìyẹn tán. Ẹsẹ wo ló ní kí a lé ẹni tó wá Ọlọ́run wá padà nítorí irun?

Bẹ́ẹ̀, ìjọ yìí kan náà ló máa ń gbààwẹ̀ bí Orò bá fẹ́ jáde, tó ń ké pé kò tọ́ kí ìlú sé obìnrin mọ́lé. Òótọ́ ni wọ́n ń sọ. Kí wọ́n wá sọ ọ́ fún ara wọn náà.

Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé ìborí àti ìdákẹ́jẹ́ kò ṣeé yà. Ní 1925, Moses Orímọládé àti Abíọ́dún Akínṣọ̀wọ́n ló jọ bẹ̀rẹ̀ Kérúbù àti Séráfù ní Èkó. Ọmọge ni Abíọ́dún nígbà náà, ó sì wàásù káàkiri ilẹ̀ Yorùbá. Àwọn obìnrin wọn ń bo orí dòní, wọ́n ń ríran, wọ́n ń kígbe ohun tí wọ́n rí. Foursquare ńkọ́? Obìnrin ló dá ìjọ yẹn sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà, Aimee Semple McPherson, ní 1923.

Wọn á mú Tímótì Kìíní 2:12 wá, níbi tí Pọ́ọ̀lù ti ní òun kò gbà kí obìnrin máa kọ́ni. Ẹ má sá fún un. Ó wà níbẹ̀, ó le, àwọn tó bẹ̀rù Ọlọ́run kò sì fohùn ṣọ̀kan lé e lórí. Èmi máa ń wo ibi tí Tímótì wà nígbà náà: Éfésù ni, níbi tí àwọn kan ti ń kọ́ni ní ẹ̀kọ́ òdì. Éfésù yìí náà ni Pírísílà àti Ákúílà ọkọ rẹ̀ ti la ọ̀nà Ọlọ́run yé Àpólò, ọkùnrin oníwàásù, ìyẹn nínú Ìṣe 18:26. Fébè, obìnrin tí Róòmù 16:1 dárúkọ, Kẹnkíríà ló ti ń sin ìjọ, èbúté Kọ́ríńtì gan-an, ìlú tí wọ́n kọ lẹ́tà ìborí sí.

Ohun tí mo máa bẹ̀ yín ni pé kí ẹ má tú ìborí pẹ̀lú ìbínú. Bí ẹ bá tú u, irun yín ni wọ́n á máa rojọ́ rẹ̀, wọn ò ní dá ìbéèrè yín lóhùn mọ́. Ẹ kọ́kọ́ bá ọkọ yín ka Kọ́ríńtì Kìíní orí 11 yẹn, ẹsẹ 3 títí dé 16, ní yàrá yín. Bó bá ní ọkọ ni orí aya, ẹ má jiyàn, ẹ ní kó ka ẹsẹ 11 àti 12 náà, pé obìnrin kò lè wà láìsí ọkùnrin, bẹ́ẹ̀ ni ọkùnrin kò lè wà láìsí obìnrin. Bó bá yé e, kí ẹ̀yin méjèèjì jọ lọ bá pásítọ̀ ní ọ́fíìsì rẹ̀, kì í ṣe nínú kíláàsì, níbi tí ojú á ti máa tì í láti gbà fún yín. Ẹ bi í ní kókó kan péré: ṣé mo lè gbàdúrà sókè, ṣé mo lè dáhùn? Bó bá ní rárá, ẹ̀yin àti ọkọ yín ló máa pinnu bóyá ẹ máa dúró. Àwa ò dúró. Bí wọ́n bá sì fi yín sábẹ́ ìbáwí, ẹ ní kí wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé, pẹ̀lú ọjọ́ tó máa parí, nítorí tiwa kò ní ọjọ́, kò sì sẹ́ni tó tú u títí a fi kó kúrò níbẹ̀.