Ẹ yẹ pólímà wò kí ẹ tó dá siRNA lẹ́bi

Ẹ bèèrè ìdí tí pólímà yín (èròjà tó gùn bí okùn), tó ń gbé siRNA, ègé RNA kékeré tó ń pa jíìnì kan lẹ́nu mọ́, wọ inú sẹ́ẹ̀lì dáadáa lóṣù àkọ́kọ́, fi kọ̀ tí kò ṣiṣẹ́ mọ́, àti pé ṣé siRNA náà ló bàjẹ́. Ohun tí ojú mi rí ní yàrá ìwádìí kan ní Abẹ́òkúta níbí ló mú kí n sọ pé pólímà ni kí ẹ kọ́kọ́ yẹ̀ wò.

Nínú irú èyí tí mo lò, beta-cyclodextrin, òrùka ṣúgà méje tí wọ́n ń fi ẹ́ńsáìmù ṣe láti ara sítáàṣì, ló ń gba adamantane, èròjà kékeré kan, sí ihò inú rẹ̀. Wọ́n di ara wọn mú, ṣùgbọ́n wọ́n lè tú. Okùn tó ru àwọn òrùka náà ní ìdè ẹ́sítà tí omi ń já díẹ̀díẹ̀, kí ohun tó bá ṣẹ́kù lè kúrò lára. Bí ẹ̀kọ tí àwọn aládìrẹ Ìtòkú ń fi ìyẹ́ yà sára aṣọ ló rí: ó gbọ́dọ̀ dúró nínú aró, ó sì gbọ́dọ̀ ṣí kúrò lẹ́yìn náà. Polyethylenimine, pólímà mìíràn tí kò ní irú ìdè bẹ́ẹ̀, máa ń gbé siRNA wọlé lóòótọ́, àmọ́ èyí tó gùn nínú wọn máa ń pa sẹ́ẹ̀lì.

Omi tó ń já ẹ́sítà nínú ara náà ló ń já a nínú ìgò. Inú firísà ni mo ń tọ́jú tèmi sí, tí iná bá sì lọ fún ọjọ́ méjì, mo máa ń rò pé kò sí ewu. Èyí tó burú jù ni pé mo máa ń ṣí ìgò náà nígbà tó ṣì tutù, mo bu díẹ̀, mo sì dá a padà. Bí ìgò mínírà ṣe ń làágùn tí a bá yọ ọ́ láti inú firíìjì, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀rinrin ń wọ inú tèmi. Ìyẹ̀fun tó ń fò tẹ́lẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í lẹ̀ mọ́ ṣíbí. Mo rí i, mo gbójú fò ó, mo sì fi owó tí n kò ní ra siRNA tuntun. Pàbó ló já sí.

Jẹ́lì agarose, ohun tó dì bí ẹ̀kọ tí a ń fi iná fa siRNA gba inú rẹ̀ kọjá, ló tú àṣírí. siRNA tó yẹ kó há sẹ́nu ihò jẹ́lì náà, torí pé pólímà dì í mú, sá lọ síwájú bí ẹni tí a kò so. siRNA kúrú, iná nẹ́gẹ́tíìfù ló sì ní. Okùn gígùn tó ní iná pọ́sítíìfù púpọ̀ ló lè dì í mú ṣinṣin, tèmi sì ti já wẹ́wẹ́.

Nísinsìnyí, mo ń pín in sínú ìgò kéékèèké tí ọ̀kọ̀ọ̀kan tó ìlò ẹ̀ẹ̀kan, mo ń fi silica gel, tó ń fa ọ̀rinrin mu, tì í, n kì í sì í ṣí i títí tí yóò fi móoru bí inú yàrá. Ọjọ́ tí mo bá máa lò ó ni mo ń pò ó mọ́ omi. Ẹ fi ti àtijọ́ àti tuntun sórí jẹ́lì kan náà. Bí méjèèjì bá di siRNA mú bákan náà, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé inú endosome, àpò kékeré inú sẹ́ẹ̀lì tó ń gba ohun tó bá wọlé, ni siRNA há sí, níbi tí pH, ìwọ̀n tó ń fi bí nǹkan ṣe kan tó hàn, ti ń wálẹ̀ láti nǹkan bí 7.4 dé bíi 5, ibẹ̀ sì ni kí ẹ wá a lọ.