Káàdì tí ọmọ yín fẹ́ yà fún ẹlẹ́wọ̀n

Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kú àníyàn. Ẹ ní ọmọbìnrin yín, ọmọ ọdún 11, fẹ́ máa ya káàdì ránṣẹ́ sí àwọn tí wọ́n wà lẹ́wọ̀n nítorí ọ̀rọ̀ òṣèlú níbí ní Amẹ́ríkà. Ẹ béèrè bóyá wọ́n máa ń rí i gbà, àti bóyá ó tiẹ̀ ń ṣe wọ́n láǹfààní. Wọ́n ń rí i gbà, ó sì ń ṣe wọ́n láǹfààní gan-an. Ṣùgbọ́n ẹni tó kọ́kọ́ máa rí àwòrán náà kì í ṣe ẹlẹ́wọ̀n. Òṣìṣẹ́ tó ń tú lẹ́tà ni. Òun ni kí ẹ kọ́kọ́ rò kí ọmọ yín tó mú bírò.

Ọjọ́ ti pẹ́ tí mo ti ń ṣe iṣẹ́ yìí ní Philadelphia. A máa ń pé jọ lọ́jọ́ Sátidé, a ó tẹ́ bébà sórí tábìlì gígùn kan, kálukú á máa yà, á máa kọ. Mo rántí káàdì kan tí ìyá àgbà kan nínú wa yà, ẹyẹ méjì lórí ẹ̀ka igi, ó rẹwà débi pé a gbé e kiri tábìlì kí gbogbo wa lè wò ó. Ó padà wá láti ọgbà ẹ̀wọ̀n pẹ̀lú ìwé pélébé kan lára rẹ̀, wọ́n ti fàlà sí ibi tí wọ́n kọ "bébà aláwọ̀" sí. Ẹyẹ kọ́ ló ṣẹ̀ wọ́n. Bébà tó fi yà á ló pọ́n bí ẹyin, funfun nìkan ni wọ́n sì ń gbà níbẹ̀.

Ohun tí wọ́n máa ń kọ̀ jù ni crayon, lúbúlúbú dídán tí àwọn ọmọdé máa ń wọ́n sórí àwòrán, sítíkà, gọ́ọ̀mù, káàdì tí wọ́n lẹ̀ ní ìpele méjì, káàdì tó ń kọrin, àti bébà tí lọ́fínńdà tàbí lípsítíìkì bá kàn. Wọ́n gbà pé wọ́n lè fi oògùn olóró pamọ́ sábẹ́ gbogbo ìwọ̀nyí. Òfin ọgbà ẹ̀wọ̀n kan kì í bá ti òmíràn mu, ó sì máa ń yí padà láìkéde. Ẹ ka ti ibi tí ẹ fẹ́ fi ránṣẹ́ sí lórí íntánẹ́ẹ̀tì nígbà gbogbo tí ẹ bá fẹ́ ránṣẹ́, kódà bí ẹ bá ti fi ránṣẹ́ síbẹ̀ rí.

Ní Pennsylvania tí mo wà yìí, láti oṣù kẹsàn-án ọdún 2018, lẹ́tà kì í lọ tààrà sí ọgbà ẹ̀wọ̀n ìpínlẹ̀ mọ́. Iléeṣẹ́ aládàáni kan ní St. Petersburg, ní Florida, ni ó ń lọ. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń tú u, tí wọ́n ń fi ẹ̀rọ ya fọ́tò rẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà, ẹ̀dà rẹ̀ ni ẹlẹ́wọ̀n sì ń gbà. Ojúlówó kò ní dé ọwọ́ rẹ̀ láéláé. Ìjọba ní oògùn tí wọ́n ń rẹ sínú bébà ló ń ṣe àwọn òṣìṣẹ́ àwọn léṣe. Lẹ́tà agbẹjọ́rò ní ọ̀nà tirẹ̀. Àwọn ìpínlẹ̀ mìíràn náà ti ń ṣe bíi ti Pennsylvania. Ó ń dùn mí títí di òní. Ọmọdé á jókòó ní gbogbo ọ̀sán, á fi pẹ́ńsù fi ara balẹ̀ ṣe òjìji ojú ẹni, kí ó tó dọ́hùn-ún gbogbo òjìji náà ti pa rẹ́.

Ìdí nìyẹn tí mo fi ń sọ fún gbogbo ẹni tó bá jókòó sí tábìlì wa pé bírò dúdú ni kí wọ́n lò, kí ìlà nípọn, kí bébà funfun, kí ó jẹ́ ojú kan. Èmi ọmọ aládìrẹ ni, nítorí náà mo yà sí ibi tí ọwọ́ mi mọ̀. Ìbàdàndùn, ọ̀kan lára àwọn àwòrán àdìrẹ, ni mo máa ń yà jù, òpó gbọ̀ngàn Mápó ní Ìbàdàn, ṣíbí, òpó, ṣíbí, títí dé etí bébà. Ìyẹ́ ni ìyá mi fi ń kọ ẹ̀kọ sára aṣọ, bí wọ́n bá sì ti rẹ ẹ́ láró tán, ibi tí ẹ̀kọ wà ló máa funfun. Bírò ni tèmi, dúdú lórí funfun, ẹ̀rọ kọ̀ǹpútà kò sì lè rí nǹkan kan pa rẹ́ nínú rẹ̀. Bí ọmọ yín bá ń kọ́ ohun tí yóò yà, ẹ fi àdìrẹ ẹlẹ́kọ hàn án, tàbí fífín ara igbá. Iṣẹ́ wa tí ìlà ń gbé ni ó dára jù fún èyí.

Ohun kan tún wà tí ẹnikẹ́ni kì í sọ fún ẹni tó ń bẹ̀rẹ̀. Àwọn òṣìṣẹ́ yẹn ń bẹ̀rù àmì tí wọn kò mọ̀. Wọ́n lè sọ pé àrokò ni, pé ọ̀rọ̀ àṣírí wà nínú rẹ̀, kí wọ́n sì dá a padà. Nítorí náà mo máa ń kọ gbólóhùn kan sísàlẹ̀ àwòrán ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, pé aṣọ àwọn obìnrin Yorùbá ni mo yà, pé òpó ilé kan ní Ìbàdàn nìyí, ṣíbí nìyí. Bẹ́ẹ̀ náà ni bí ẹ bá fẹ́ kí i ní Yorùbá, ẹ túmọ̀ rẹ̀ síbẹ̀ lójú ẹsẹ̀.

Bàbá kan tí n kò ní dárúkọ, tó ti wà lẹ́wọ̀n ìjọba àpapọ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún, fèsì sí ọ̀kan. Lẹ́tà wínníwínní, ó kọ ọ́ dé etí ìwé kí bébà má baà tán. Kò sọ̀rọ̀ ẹjọ́ rẹ̀ rárá. Ó ní ẹni tí àwọn jọ wà ní yàrá ń bá òun jiyàn pé ṣọ́bìrì ni mo yà, kì í ṣe ṣíbí, kí n bá àwọn parí ẹ̀. Ó ní ta ló kọ́ ilé olópòó yẹn, ṣé ó ṣì wà? Mo kọ̀wé sí i pé ọdún 1929 ni wọ́n ṣí Mápó, pé orí òkè ló wà, pé ó ṣì wà níbẹ̀. Láti ìgbà náà ni mo ti mọ̀ pé àwòrán tó dára fún ẹni tó wà nínú àhámọ́ ni èyí tó máa fún un ní ohun tí yóò béèrè. Ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń ya ìkúùkù tó ń já ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀. Ó ti rí ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ tó. Ẹ jẹ́ kí ọmọ yín ya ohun tó ń rí lójú fèrèsé, adìyẹ ìyá àgbà rẹ̀, bọ́ọ̀sì ilé ìwé, ìkòkò ọbẹ̀.

Ní ti àǹfààní rẹ̀: ẹni tí lẹ́tà ń wá bá lemọ́lemọ́, àwọn wọ́dà mọ̀ pé ó ní ẹni tó ń béèrè rẹ̀. Wọ́n máa ń rò ó lẹ́ẹ̀mejì kí wọ́n tó fi ìyà jẹ ẹ́. Ọgbọ́n yìí ni Amnesty International, ẹgbẹ́ tó ń jà fún ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn, gùn lé láti ọdún 1961. Ní ọdún 1977, nígbà tí ìjọba ológun Uruguay ju Clemente Padín àti Jorge Caraballo sẹ́wọ̀n, àwọn méjèèjì jẹ́ ara àwọn ayàwòrán tó ń fi iṣẹ́ ọnà ránṣẹ́ síra wọn nípasẹ̀ lẹ́tà, àwọn ẹgbẹ́ wọn káàkiri ayé bẹ̀rẹ̀ sí í fi káàdì àti sítáǹpù tí wọ́n fọwọ́ ṣe béèrè ìdáǹdè wọn. Ọdún kan ṣáájú ìyẹn, ní Recife ní Brazil, ọlọ́pàá ti àfihàn irú iṣẹ́ ọnà bẹ́ẹ̀ pa, wọ́n sì ti Paulo Bruscky àti Daniel Santiago tó ṣètò rẹ̀ mọ́lé. Ìjọba tó ní ìbọn ló ń bẹ̀rù káàdì.

Ta ni kí ẹ kọ̀wé sí? Ìjọba Amẹ́ríkà kò gbà pé òun ní ẹlẹ́wọ̀n òṣèlú kankan, ọ̀pọ̀ ènìyàn sì ń jiyàn lórí orúkọ kọ̀ọ̀kan. Ẹ ka ẹjọ́ wọn fúnra yín. Ẹgbẹ́ Jericho, tó ń jà fún àwọn ẹlẹ́wọ̀n òṣèlú, tó sì bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1998, ń tẹ orúkọ, nọ́ńbà àti ọjọ́ ìbí wọn jáde. Ọjọ́ ìbí dára láti fi bẹ̀rẹ̀. Mumia Abu-Jamal, akọ̀ròyìn tí wọ́n dá lẹ́bi pé ó pa ọlọ́pàá, wà lára wọn, láti ọdún 1981 ló ti wà lẹ́wọ̀n níbí ní Pennsylvania. Leonard Peltier, ajìjàgbara ọmọ onílẹ̀ Amẹ́ríkà tí wọ́n dá lẹ́bi ikú òṣìṣẹ́ FBI méjì, tí òun fúnra rẹ̀ jẹ́ ayàwòrán, lo ọdún 49 kí wọ́n tó jẹ́ kí ó lọ sílé ní oṣù kejì ọdún 2025, níbi tí yóò ti parí ìdájọ́ rẹ̀. Àwọn kan kọ̀wé sí i títí irun wọn fi funfun. Bí ẹ bá fẹ́ kọ sí Rọ́ṣíà, ẹ wá ẹni tó gbọ́ èdè Rọ́ṣíà, torí òǹkàwé lẹ́tà wọn kì í jẹ́ kí èdè mìíràn kọjá.

Ẹ má kọ ohunkóhun nípa ẹjọ́ rẹ̀, gbogbo rẹ̀ ni wọ́n ń kà. Ẹ má ṣèlérí owó tàbí àbẹ̀wò tí kò dá yín lójú. Tí èsì bá pẹ́, ẹ tún kọ. Ó lè jẹ́ pé wọ́n gbé e lọ sí ọgbà mìíràn, ó sì lè jẹ́ pé kò ní owó sítáǹpù.

Ní ti àdírẹ́sì, lẹ́tà tí kò bá ní orúkọ àti àdírẹ́sì ẹni tó fi ránṣẹ́ kì í kọjá. Ẹ gba àpótí lẹ́tà ní pósófíìsì, kí ẹ fi orúkọ ara yín sí ẹ̀yìn àpò ìwé. Orúkọ àbísọ ọmọ nìkan ni kí ó kọ sórí àwòrán, kí ó má fi orúkọ ilé ìwé rẹ̀ sí i, ẹ̀yin ni kí ẹ sì kọ́kọ́ máa ka èsì tó bá dé.