Kí ni Optimality Theory, báwo ló sì ṣe ṣàlàyé “ọrúkọ” tí àwọn ará Ifẹ̀ ń pè?

Optimality Theory ni tíọ́rì ìmọ̀ èdè tó sọ pé àwọn ìkálọ́wọ́kò kan náà ni gbogbo èdè ń lò, àti pé bí èdè kọ̀ọ̀kan ṣe tò wọ́n ní ipò ló ń fa ìyàtọ̀ láàrin wọn. Alan Prince àti Paul Smolensky ló gbé e kalẹ̀ ní 1993. Kò sí ìkálọ́wọ́kò tí a kò lè rú. Nínú gbogbo ìpè tó ṣeé ṣe fún ọ̀rọ̀ kan, èyí tó pa ti òkè mọ́ ló ń borí, kódà bí ó bá rú ti ìsàlẹ̀.

Ilé-Ifẹ̀ fún wa ní àpẹẹrẹ tó ṣe kedere gan-an. Níbi tí Yorùbá àjùmọ̀lò ti ní “orúkọ”, “odídẹ” àti “èlùbọ́”, ẹ̀ka-èdè Ifẹ̀ ní “ọrúkọ”, “ọdídẹ” àti “ẹ̀lùbọ́”. Ìkálọ́wọ́kò méjì ló ń forí gbárí níbẹ̀: ọ̀kan ní kí e, ẹ, o àti ọ inú ọ̀rọ̀ kan bá ara wọn ṣe àǹkóò (ìyẹn ni pé kí e tàbí o má ṣe bá ẹ tàbí ọ gbé inú ọ̀rọ̀ kan náà), èkejì ní kí àǹkóò má ṣe fo fáwẹ̀lì kankan kọjá. Ní Ifẹ̀, èkíní ló lékè, nítorí náà ni ọ ìparí “ọrúkọ” ṣe fa fáwẹ̀lì ìbẹ̀rẹ̀ mọ́ra bí u tilẹ̀ wà láàrin. Nínú àjùmọ̀lò, èkejì ló lékè, u sì dí ọ̀nà. Ọ̀rọ̀ àyálò bíi “fọ́tò” lè ṣàìtẹ̀lé àǹkóò yìí.

Fonólójì (ẹ̀kọ́ nípa ètò ìró èdè) ni a ti ń lo tíọ́rì náà jù, ṣùgbọ́n onímọ̀ èdè Jane Grimshaw lò ó fún síńtáàsì (ẹ̀kọ́ nípa ìhun gbólóhùn) ní 1997.