Ẹ má tíì fọwọ́ kan nọ́ńbà tó wà nínú àpótí yẹn

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ sì kú ìfaradà. Bí ọ̀rọ̀ yín ṣe yé mi nìyí: préèsì (ẹ̀rọ tó ń tẹ irin) oníkílọ́ọ̀ṣì afẹ́fẹ́ lẹ fi ń tẹ ínjì ilẹ̀kùn; kílọ́ọ̀ṣì yẹn ló ń so agbára mọ́tọ̀ mọ́ apá tó ń tẹ irin. Láti ìgbà tí wọ́n ti bá yín so àpótí tó ń darí prẹ́ṣọ̀ (agbára tí afẹ́fẹ́ fi ń ti nǹkan) fúnra rẹ̀ mọ́ ọn, ẹ̀rọ kàn ń dá dúró lójijì, iná pupa á tàn pé prẹ́ṣọ̀ kò tó. Ẹ gbé e sókè, gbé e sókè, kò gbọ́. Ẹ wá ní ká sọ iye tó yẹ kẹ́ ẹ tẹ̀ sínú rẹ̀ fún yín.

Mi ò ní dárúkọ iye kankan, torí kò sí iye kan tó bá gbogbo préèsì mu. Iṣẹ́ yìí ni mo ń jẹ ní Olúyọ̀lé n'Ìbàdàn níbí, tòkunbọ̀ sì ni ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ tó ń kọjá lọ́wọ́ mi, tí ìwé wọn ti sọnù kí wọ́n tó dé Èbúté Apápá. Ohun tí mo ti rí ni pé àpótí yẹn kì í sábà jẹ̀bi. Ohun tí wọ́n bá sọ fún un ló ń gbà gbọ́. Tí ẹ bá purọ́ fún un nípa ìwúwo dáì (irin tó ń fún iṣẹ́ yín ní àwòrán), tàbí tí sẹ́ńsọ̀ (ohun tó ń wọn prẹ́ṣọ̀ fún un) bá purọ́ fún un nípa afẹ́fẹ́, tọkàntọkàn ni yóò fi máa ba ẹ̀rọ yín jẹ́.

Sẹ́ńsọ̀ yẹn ni mo máa kọ́kọ́ wò tó bá jẹ́ èmi. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ló ń fi iná kékeré tó jẹ́ 4 mA (mílíámpíà) sọ pé kò sí prẹ́ṣọ̀ rárá, tí wọ́n á sì fi 20 mA sọ pé ó ti dé òpin. Òpin yẹn gan-an ni wàhálà. Tàwọn kan jẹ́ 10 bar (bar ni ìwọ̀n prẹ́ṣọ̀), tàwọn mìíràn 16 bar, ojú lásán ò sì lè dá wọn mọ̀ yàtọ̀ bí ẹ ò bá ka ohun tí wọ́n kọ sí wọn lára. Ká ní ti 16 bar ni wọ́n so mọ́ tiyín, tó sì jẹ́ 10 ni wọ́n tẹ̀ sínú àpótí. Bí afẹ́fẹ́ bá wà ní 5 bar lóòótọ́, sẹ́ńsọ̀ á rán 9 mA, àpótí á sì ka 9 mA yẹn sí nǹkan bíi 3.1 bar. Á ní kò tó. Ẹ̀yin náà á tún gbé e sókè. Kó tó lè rí 5 bar tó ń wá, afẹ́fẹ́ gidi gbọ́dọ̀ dé 8 bar, bẹ́ẹ̀ ọ̀pọ̀ kọ̀m̀prẹ́ṣọ̀ tó wà ní ṣọ́ọ̀bù wa ni kì í ju 8 lọ kó tó pa ara rẹ̀. Gbogbo ohun tẹ́ ẹ kọ ló jọ èyí. Mo ti bá a pàdé ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, lọ́dọ̀ àwọn tí wọ́n ti pààrọ̀ àpótí odindi nítorí rẹ̀.

Bí ẹ ṣe máa mọ̀ ọ́n kò le. Ẹ gbé ráàmù (apá tó ń lọ sókè sódò láti tẹ irin) lọ sí ìsàlẹ̀ pátápátá, ẹ pa mọ́tọ̀, kí ẹ dúró kí flywheel (kẹ̀kẹ́ ńlá tó ń yí) náà dúró, ẹ̀yìn ìyẹn ni kí ẹ tú afẹ́fẹ́ sílẹ̀ tán. Àpótí gbọ́dọ̀ sọ pé 0. Ẹ wá fi géèjì tuntun sẹ́gbẹ̀ẹ́ sẹ́ńsọ̀ (èyí tí wọ́n tú lára ọkọ̀ ajagbe ní Gate kọ́ o), kí ẹ fẹ́ afẹ́fẹ́ sí i dé nǹkan bí ìdajì, kí ẹ fi méjèèjì wéra. Tí 0 bá bára mu, àmọ́ tí ìyàtọ̀ ń pọ̀ sí i bí prẹ́ṣọ̀ ṣe ń gòkè, òpin tí wọ́n tẹ̀ sínú rẹ̀ ni kò tọ̀nà. Tó bá jẹ́ pé iye kan náà ló fi ń ṣì í láti ìsàlẹ̀ dé òkè, ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ló yẹ̀, ibi tí wọ́n kọ offset sí lẹ ó ti tún un ṣe.

Nǹkan míì tún wà o. Prẹ́ṣọ̀ tó wà lára préèsì kì í ṣe ẹyọ kan. Ti kílọ́ọ̀ṣì àti bíréèkì wà lọ́tọ̀, ti counterbalance tó ń bá ráàmù gbé ara rẹ̀ wà lọ́tọ̀, bí dáì bá sì ní cushion (tìmùtìmù afẹ́fẹ́) lábẹ́, tiẹ̀ náà dá wà. Ti kílọ́ọ̀ṣì kì í yí padà bí ẹ bá yí dáì: iye tí wọ́n kọ sí ara páálí irin ẹ̀rọ náà ni kí ẹ fi í sí, kí ẹ sì fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Sípíríǹgì ló ń di bíréèkì mú, afẹ́fẹ́ ló ń tú u sílẹ̀. Nítorí náà, tí afẹ́fẹ́ bá lọ sílẹ̀, ó yẹ kí ẹ̀rọ dúró. Ohun tí wọ́n ṣe é fún nìyẹn. Ṣọ́ọ̀bù kan wà tí mo wọ̀, wọ́n ti so wáyà méjèèjì ìdáàbòbò yẹn pọ̀ kí ẹ̀rọ má baà máa dá iṣẹ́ dúró. Mo ní kí wọ́n tú u kí n tó fọwọ́ kan nǹkan kan, ọ̀gá ibẹ̀ sì bínú. Kó bínú. Kílọ́ọ̀ṣì tó ń yọ̀ lábẹ́ prẹ́ṣọ̀ kékeré kò mọ ìka ọmọ ẹnì kankan.

Counterbalance lẹ lè jẹ́ kí àpótí máa darí, torí òun ló ń yí padà bí ìwúwo dáì òkè bá yí padà. Ẹ wò ó bí ẹni tó ń bá aláàárù gbé apá kan ẹrù. Bó bá gbé e kéré jù, bíréèkì á gbóná, ráàmù á kọjá ibi tó yẹ kó dúró sí lókè, ẹ ó sì máa gbọ́ gbì nínú gíà. Bó bá gbé e pọ̀ jù, mọ́tọ̀ á máa jà bí ráàmù ṣe ń sọ̀ kalẹ̀, ọ́ìlì ò sì ní ráyè wọ inú bẹ́árìn dáadáa, torí ẹ̀gbẹ́ kan náà ni wọ́n ń tì í sí ní gbogbo ìgbà.

Tí tébù (àtẹ tó ń sọ prẹ́ṣọ̀ tó bá ìwúwo dáì mu) tí ilé iṣẹ́ tó ṣe ẹ̀rọ lẹ̀ mọ́ ọn bá ṣì wà, òun ni kí ẹ tẹ̀ lé. Tó bá ti yọ, ìṣirò wà. Ká ní sílíńdà counterbalance méjì ló wà, tí ìbú inú ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ 200 mm. Ojú àwọn méjèèjì pa pọ̀ jẹ́ nǹkan bíi 0.0628 mítà onígun mẹ́rin. Ká ní ráàmù jẹ́ 2,400 kg, dáì òkè 600 kg. Àròpọ̀ wọn jẹ́ 3,000 kg. Ẹ fi 9.81 sọ ọ́ di púpọ̀, ẹ pín in fún 0.0628, ẹ tún pín èyí tó bá jáde fún 100,000, ẹ ó rí nǹkan bíi 4.7 bar. Dáì 200 kg á mú un wá sí 4.1. Ṣé ẹ rí i pé ìyàtọ̀ náà kì í ṣe kékeré, bẹ́ẹ̀ nọ́ńbà kan ṣoṣo ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń fi ṣiṣẹ́ lórí gbogbo dáì wọn.

Dáì òkè nìkan lẹ máa wọ̀n o, kì í ṣe pẹ̀lú tìsàlẹ̀. Ẹ gbé e lọ sí orí ìwọ̀n àwọn tó ń ra irin àlòkù, owó kékeré ni wọ́n ń gbà. Bí kò bá ṣeé gbé, ẹ wọn gígùn, ìbú àti gíga rẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà, ẹ fi ọ̀kan sọ èkejì di púpọ̀, ẹ tún fi ẹ̀kẹta sọ ọ́ di púpọ̀, kí ẹ wá fi 7.85 sọ èyí tí ẹ bá rí di púpọ̀, giráàmù ni yóò jáde. Irin tó jẹ́ 60 sí 40 sí 20 tó nǹkan bíi 377 kg. Ẹ fi ọ̀dà kọ ọ́ sí dáì lára gàdàgbà, kí ọpiréítọ̀ alẹ́ má baà máa méfò.

Ní ti ààlà ìkìlọ̀: prẹ́ṣọ̀ counterbalance máa ń lọ sókè, lọ sílẹ̀ díẹ̀ ní gbogbo ìgbà tí ráàmù bá ń rìn, torí sílíńdà ń ti afẹ́fẹ́ padà sínú tánkì. Tí ẹ bá ká ààlà náà mọ́ra jù, fáàfù á máa ṣí, á máa tì, afẹ́fẹ́ á máa ṣòfò, ẹ ó máa gbọ́ fíì-fíì látàárọ̀ ṣúlẹ̀. Ẹ fún un ní àyè díẹ̀, kí ẹ sì fi ìṣẹ́jú-àáyá díẹ̀ dá ìkìlọ̀ dúró. Counterbalance nìkan ni mo sọ. Ìkìlọ̀ ti kílọ́ọ̀ṣì kò gbọ́dọ̀ ní ìdádúró kankan. Ẹ má sì fẹ ààlà lójú kí iná pupa lè kú lásán.

Bí sẹ́ńsọ̀ bá dára tó sì ń bá géèjì mu, afẹ́fẹ́ fúnra rẹ̀ ló kù. Ẹ fi géèjì sí ìdí préèsì, ẹ máa wò ó bó ṣe ń tẹ̀. Bí ti kọ̀m̀prẹ́ṣọ̀ bá dúró ní 8 tí ti ìdí préèsì ń já wálẹ̀ ní gbogbo ìgbà tó bá tẹ̀, fílítà (asẹ́ afẹ́fẹ́) ti dí, tàbí páìpù kéré jù. Lásìkò òjò, omi inú tánkì àwọn ṣọ́ọ̀bù Ìbàdàn kì í ṣe kékeré. Ẹ máa tú u láràárọ̀ kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Bí IBEDC bá sì mú iná lọ, ẹ jẹ́ kí kọ̀m̀prẹ́ṣọ̀ kún tán lórí jẹnẹrétọ̀ kí ẹ tó tan préèsì.

Ẹ ó fi clamp meter (èyí tí wọ́n ń há mọ́ wáyà láti wọn iná) yẹ gbogbo rẹ̀ wò lẹ́yìn náà: láìfi irin sí i, kí ampere mọ́tọ̀ nígbà tí ráàmù ń lọ sókè súnmọ́ ti ìgbà tó ń bọ̀ nísàlẹ̀. Bí ti òkè bá pọ̀ jù, counterbalance kéré. Bí ti ìsàlẹ̀ bá pọ̀ jù, ẹ dín in kù. Ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ kọwọ́ bọ abẹ́ ráàmù, kó pa mọ́tọ̀, kó fi òpó irin tì í lábẹ́ kó tó sún mọ́ ọn. Ẹ má gbọ́kàn lé afẹ́fẹ́ láti gbé e dúró.

Ẹ ya fọ́tò ohun tí wọ́n kọ sára sẹ́ńsọ̀ yẹn àti ojú ìwé tí wọ́n ti tẹ òpin rẹ̀ sínú àpótí, kí ẹ fi ránṣẹ́ sí wa kí ẹ tó ra ohunkóhun.