Àyẹ̀wò H. pylori: ti ẹ̀jẹ̀, ti ìgbẹ́ tàbí ti èémí?

Ẹ ní ẹ ti lo oògùn H. pylori, kòkòrò inú ikùn tó lè fa ọgbẹ́ inú, tán, àmọ́ àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tí ẹ ṣe ní Kútọ̀, Abẹ́òkúta, ṣì ń sọ pé kòkòrò náà wà. Ẹ má tíì ra oògùn míì o. Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ kì í wá kòkòrò fúnra rẹ̀. Ohun tí ara fi bá a jà ló ń wá, ìyẹn sì lè wà nínú ẹ̀jẹ̀ fún oṣù púpọ̀, kódà fún ọdún, lẹ́yìn tí kòkòrò ti kú. Kò wọ́n lóòótọ́, àmọ́ èmi ò ní náwó lé e.

Ti ìgbẹ́ ni kí ẹ ṣe. Ẹ sọ fún wọn pé stool antigen lẹ fẹ́, ìyẹn èyí tó ń wá ohun tó jẹ́ ti kòkòrò náà fúnra rẹ̀ nínú ìgbẹ́. Ti èémí náà dáa, àmọ́ kì í ṣe ibi gbogbo lẹ ti máa rí i.

Ó gbọ́dọ̀ ti tó ọ̀sẹ̀ 4 tí ẹ ti lo oògùn apakòkòrò kẹ́yìn, kí ẹ sì ti dá omeprazole, oògùn tó ń dín ásíìdì inú ikùn kù, dúró fún ọ̀sẹ̀ 2, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ èsì lè ní kò sí nígbà tó ṣì wà.

Bí ìgbẹ́ yín bá dúdú bí ọ̀dà, tàbí ẹ ń rù láìnídìí, ẹ tètè lọ rí dókítà ní FMC, ilé ìwòsàn ìjọba àpapọ̀ tó wà ní Ìdí-Àbà. Ó lè ní kí wọ́n fi kámẹ́rà wo inú ikùn yín.